PỌ́ǸPÙ ÍNSÚLÍNÌ: BÍ A ṢE Ń LẸ̀ Ẹ́ MỌ́ ARA KÍ Ó MÁ BÀA ṢÍ

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí fún àwọn ilé ìkàwé abúlé

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ ọn.

Ní àdúgbò Fate, ní ìlú Ìlọrin, bí oṣù Kejìlá bá ti dé, àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà a máa mú ọmọ wọn wá kí bàbá àti ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ bẹ́ẹ̀ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ láti wẹ̀, tí a sì rí ohun funfun pẹlẹbẹ kan tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá rẹ̀. Ẹnì kan a ní tírà ni. Ẹlòmíràn a ní fóònù ni. Ìyá àgbà, tí ó ti fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú korobá, a fẹ́ ṣí i kúrò kí òun lè fi kànìnkànìn wẹ ọmọ náà mọ́ dáadáa. Ìfẹ́ ni ó fẹ́ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí i kúrò, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi òmíràn dípò rẹ̀, ọmọ náà lè wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ohun náà ni a ń pè ní pọ́ǹpù ínsúlínì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ohun tí ó jẹ́, ìdí tí kò fi gbọdọ̀ ṣí, àti bí a ṣe lè mú un dúró lára nínú ooru àti ọyẹ́ ilẹ̀ wa.

1. ÀRÙN NÁÀ ÀTI OÒGÙN RẸ̀

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Oúnjẹ tí a bá jẹ, ìbáà ṣe àmàlà, tùwó, ìrẹsì tàbí iṣu, ni ara ń sọ di ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri. Ṣúgà yìí kò lè dá wọ inú ẹran ara láti fún un ní agbára. Ó dà bí àlejò tí ó dé ẹnu ọ̀nà tí ó bá ìlẹ̀kùn ní títì. Ínsúlínì ni kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ẹ̀yà ara kan tí ó fara pamọ́ sí ẹ̀yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn ni ó ń pèsè ínsúlínì yìí lọ́sàn-án àti lóru.

Irú àtọ̀gbẹ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú irú èkejì, tí a sábà máa ń rí lára àwọn àgbàlagbà, ara ṣì ń pèsè ínsúlínì, ṣùgbọ́n kò tó, tàbí kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Nínú irú èkínní, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà èwe, ara kò pèsè ínsúlínì tí ó tó gbé ẹ̀mí ró mọ́. Ẹni tí ó bá ní irú èkínní gbọ́dọ̀ máa gba ínsúlínì láti òde ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi òbí, kì í ràn, kì í ṣe ṣúgà lílá ni ó fà á, kò sì sí àgbo kankan tí ó lè rọ́pò ínsúlínì fún un.

Kí ó tó di ọdún 1922, ọmọ tí irú àrùn yìí bá mú kì í pẹ́ láyé. Ní ọdún 1921, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best rí ọ̀nà láti yọ ínsúlínì láti ara ẹran. Nínú yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. J. R. Macleod ni wọ́n ti ṣe é, James Collip ni ó sì sẹ́ ẹ mọ́ dé ibi tí ara ènìyàn fi lè gbà á. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1922, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tí ó ti rù kan egungun. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fún un ní ọjọ́ 23 oṣù náà, lẹ́yìn tí Collip ti tún un sẹ́, mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ náà bọ́, ó sì wà láàyè títí di ọdún 1935.

2. BÍ PỌ́ǸPÙ ṢE DÉ

Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń gba ínsúlínì, abẹ́rẹ́ náà sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ṣì ń lò títí di òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dókítà Arnold Kadish ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí ń ta ínsúlínì sí ara fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà tóbi tó ẹrù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ní ọdún 1978, John Pickup, Harry Keen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè gbé kiri lè máa ta ínsúlínì sí abẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì kó ṣúgà ẹ̀jẹ̀ níjàánu. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń kéré sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tí ń jẹ́ NICE ní Ìlú Ọba fọwọ́ sí i pé kí ìjọba máa fún àwọn tí ó ní irú èkínní, àti pàápàá àwọn ọmọdé, ní pọ́ǹpù tí ó lè gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ń wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, bí a bá ń rí i lára àwọn ọmọ wa tí ń ti ibẹ̀ bọ̀.

Oríṣi pọ́ǹpù méjì ni ó wà. Ọ̀kan a máa wà nínú àpò tàbí kí a fi kọ́ bẹ́líìtì. Rọ́bà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń gbé ínsúlínì láti inú rẹ̀ lọ sí ara, plásítà sì ni ó di ẹnu rọ́bà náà mú mọ́ awọ. Èkejì kò ní rọ́bà gígùn. Odindi rẹ̀ ni a ń lẹ̀ mọ́ ara. Nínú àwọn méjèèjì, rọ́bà kékeré kan tí ó rọ̀, tí ó sì tín-ín-rín, ni ó wọ abẹ́ awọ. Ọjọ́ 2 sí 3 ni a máa ń lò ó kí a tó pààrọ̀ rẹ̀ sí ojú ibòmíràn lára. Ẹ kíyè sí i pé nínú oríṣi méjèèjì, àtè ara plásítà nìkan ni ó wà láàrin aláìsàn àti ewu.

3. ÌDÍ TÍ KÒ FI GBỌDỌ̀ ṢÍ

Ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ gba ínsúlínì sábà máa ń lo oríṣi méjì: èyí tí ń ṣiṣẹ́ kíákíá nígbà oúnjẹ, àti èyí tí ń ṣiṣẹ́ pẹ́ títí, tí ó ń wà lábẹ́ awọ bí oúnjẹ inú àká. Ṣùgbọ́n èyí tí ń ṣiṣẹ́ kíákíá nìkan ni pọ́ǹpù ń lò, tí ó ń kán an sínú ara díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo wákàtí. Kò sí àká níbẹ̀. Ó dà bí ilé tí kò ní àmù, tí ó jẹ́ pé omi tí ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú náà ni gbogbo ará ilé ń mu. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, òùngbẹ dé.

Bí pọ́ǹpù bá ṣí, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàrin wákàtí 1 sí 2. Láàrin wákàtí díẹ̀ sí i, ara tí kò rí ṣúgà lò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọ̀rá rẹ̀, ohun kíkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní kítóònù yóò sì máa kún inú ẹ̀jẹ̀. Òùngbẹ yóò máa gbẹ aláìsàn, yóò máa tọ̀ léraléra, inú yóò máa run ún, yóò bì, èémí rẹ̀ yóò jinlẹ̀, yóò sì máa yára, ẹnu rẹ̀ lè máa rùn bí èso tí ó ti pọ́n jù. Bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe, ó lè dákú, ó sì lè kú.

Ohun tí ó tún ṣòro níbẹ̀ ni pé pọ́ǹpù lè dà bí ẹni pé ó wà ní àyè rẹ̀ nígbà tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti yọ. Bí etí plásítà kan bá gbé sókè, tí ẹ̀rọ náà sì ń mì, rọ́bà a yọ kúrò lábẹ́ awọ. Ẹ̀rọ lè má mọ̀. Yóò máa ka iye tí ó ń tú jáde, ṣùgbọ́n aṣọ ni ó ń mu ínsúlínì náà. Nítorí náà, bí ibẹ̀ bá tutù, tàbí tí ó ń rùn bí òórùn plásítà tuntun àti oògùn ilé ìwòsàn, kí a mọ̀ pé ínsúlínì ń ṣòfò.

4. ÀWỌN Ọ̀TÁ ÀTÈ

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni òógùn. Pọ́ǹpù tí ó dúró ṣinṣin fún ọjọ́ 3 nínú òtútù Ìlú Ọba lè ṣí ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní Ìlọrin, pàápàá láàrin oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin nígbà tí ooru bá mú.

Ọ̀tá kejì ni òróró. Nígbà ọyẹ́, kò sí ìyá kan ní Kwárà tí kì í fi òrí pa ọmọ lára kí awọ rẹ̀ má bàa há. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n àtè kò lè di awọ tí òrí, àdín tàbí ìpara wà lára rẹ̀ mú. Kí a fi òrí pa gbogbo ara tí ó kù, kí a sì fi ojú ibi tí pọ́ǹpù yóò wà sílẹ̀ láìpa á láti ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Ọ̀tá kẹta ni omi, ìkẹrin ni eruku àti àtíkè, ìkarùn-ún sì ni ìfarakan: okùn ṣòkòtò, ìdí ìró, ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ, bẹ́líìtì ọkọ̀, àti okùn àpò ìwé tí ọmọ ilé ìwé ń gbé kọ́ èjìká. Ohunkóhun tí ó bá ń fi ara ha pọ́ǹpù ní gbogbo ọjọ́ yóò ṣí i bó pẹ́ bó yá.

5. BÍ A ṢE Ń LẸ̀ Ẹ́

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a kọ́kọ́ yan ibi tí ó yẹ: ikùn, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ìdodo ní ìwọ̀n ìka 3, ẹ̀yìn apá lókè, iwájú itan, tàbí òkè ìdí. Kí ibẹ̀ ní ẹran díẹ̀, kí ó tẹ́jú, kí ó má sì jẹ́ ibi tí a ń ká bí a bá jókòó. Kí ó má ṣe ní àpá, egbò tàbí kókó. Lẹ́yìn náà, kí a tẹ̀ lé ìlànà wọ̀nyí.

Èkínní: Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ sì fi omi àti ọṣẹ tí kò ní ìpara nínú fọ ojú ibẹ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa kí ọṣẹ má ṣẹ́ kù.

Èkejì: Ẹ fi aṣọ ìnura tí ó mọ́ nù ún gbẹ. Bí ara bá ṣì ń gbóná láti inú omi ìwẹ̀, ẹ jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ títí òógùn yóò fi gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lẹ pọ́ǹpù mọ́ ara tí ń làágùn.

Ẹ̀kẹta: Bí irun bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e kúrú, tàbí kí ẹ fá a ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Abẹ a máa ha awọ; bí a bá lẹ plásítà mọ́ awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, yóò ta á.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ fi òwú tí a rì sínú sípíríìtì nù ún láti àárín lọ sí etí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fẹ́ ẹ lẹ́nu, nítorí atẹ́gùn ẹnu a máa gbé kòkòrò àìrí wá.

Ẹ̀karùn-ún: Bí ẹ bá ní omi àtè tí a ṣe fún awọ, irú èyí tí a ń tà ní ilé oògùn, ẹ fi pa ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì dúró títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹni tí ń làágùn púpọ̀ lè lo ìpara abíyá tí ń dá òógùn dúró, tí kò ní lọ́fínńdà; kí ó fi í sí ojú ibẹ̀, kí ó dúró ní ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ó nù ún kúrò, kí ó tó lẹ pọ́ǹpù.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ ṣí bébà ẹ̀yìn plásítà láìfi ọwọ́ kan ojú àtè. Ẹ gbé e lé ara lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má ṣe gbé e kúrò láti tún un gbé. Ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ yípo, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú 1 tàbí 2. Irú àtè yìí ń fẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti ìgbóná ọwọ́ kí ó tó mú.

Èkeje: Ẹ fún àtè náà ní àkókò. Kí ènìyàn má ṣe wẹ̀, kí ó má ṣe sáré, kí ó má ṣe roko fún wákàtí 1 ó kéré tán lẹ́yìn tí a bá lẹ̀ ẹ́ tán.

Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, ó dára kí a tún fi plásítà mìíràn tí ó rọ̀ yí etí rẹ̀ ká bí férémù àwòrán. Kí a gé igun plásítà náà róbótó, nítorí igun ṣóńṣó ni aṣọ ń kọ́kọ́ mú. Kí a má ṣe bo ihò kékeré tí a ń gbà wo rọ́bà abẹ́ awọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lo góòmù tí a fi ń lẹ bàtà, táyà tàbí igi. Góòmù bẹ́ẹ̀ a máa jó awọ, nígbà tí a bá sì fẹ́ yọ ọ́, awọ ni yóò bá a lọ.

6. ÌṢỌ́ OJOOJÚMỌ́

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí a yẹ pọ́ǹpù wò ní ìgbà 3 lóòjọ́: ní òwúrọ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀, àti kí a tó sùn. Bí etí plásítà kan bá gbé sókè, kí a má ṣe fà á. Kí a nu ibẹ̀ gbẹ, kí a gé etí tí ó gbé náà, kí a sì fi plásítà tuntun bò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń mì, tàbí tí ibẹ̀ tutù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, kí a pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ìwẹ̀, kí a fi ọwọ́ wẹ àyíká pọ́ǹpù, kí kànìnkànìn má ṣe dé ibẹ̀, kí a sì rọra fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí a má ṣe nù ún. Oríṣi tí ó ní rọ́bà gígùn ṣeé tú sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà ìwẹ̀, kí ó má ju wákàtí 1 lọ, kí a sì ríi dájú pé a dá a padà. Oríṣi tí a lẹ odindi rẹ̀ mọ́ ara kò ṣeé tú. Bí a bá ti ṣí i, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, a kò lè tún un lẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí lè béèrè nípa àlùwàlá. Omi àlùwàlá kò kọjá ìgúnpá, nítorí náà pọ́ǹpù tí ó wà ní ẹ̀yìn apá lókè, ní ikùn tàbí ní itan kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní ti ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, kí a bi àlùfáà. Ní ti ààwẹ̀, kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù Rámádàn tó dé. Kò sí ìgbà tí ó yẹ kí ẹni tí ó ní irú èkínní ṣí pọ́ǹpù rẹ̀ kúrò nítorí pé kò jẹun. Ara ń fẹ́ ínsúlínì díẹ̀ bí ebi tilẹ̀ ń pa á.

Ní ti aṣọ, kí a má ṣe so ìró tàbí okùn ṣòkòtò lé e lórí. Ìyá tí ń pọn ọmọ, kí ó fi pọ́ǹpù sí apá tàbí itan, níbi tí ọ̀já kò dé. Kí a sì yẹra fún títẹ́ ẹ sí oòrùn gangan, nítorí ooru púpọ̀ a máa ba ínsúlínì inú rẹ̀ jẹ́.

7. BÍ Ó BÁ ṢÍ ŃKỌ́?

Ìbẹ̀rù kọ́ ni ohun tí a ń fẹ́, ìmúrasílẹ̀ ni. Ẹni tí ń lo pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ní àpò kékeré kan tí kì í jìnnà sí i: pọ́ǹpù tàbí plásítà tuntun, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì nínú ìgò pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ṣúgà tàbí ohun mímu dídùn, àti ìwé tí dókítà kọ iye abẹ́rẹ́ tí yóò gbà bí pọ́ǹpù kò bá sí. Òbí tí ń mú ọmọ bọ̀ láti òkè òkun, kí ó ṣírò ọjọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí yóò lo ọjọ́ 21 ní Ìlọrin, tí ó ń pààrọ̀ pọ́ǹpù ní ọjọ́ 3-3, yóò nílò 7; kí ó gbé 14 wá, nítorí òógùn yóò ṣí àwọn kan kí ọjọ́ wọn tó pé, wọn kò sì wọ́pọ̀ ní ọjà wa.

Bí pọ́ǹpù bá ṣí, kí a wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀, kí a fi tuntun sí ojú ibòmíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí tuntun kò bá sí, kí a fún un ní abẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà ti kọ ọ́. Kí a má ṣe wí pé ó di òwúrọ̀ ọ̀la. Kí a tún wọn ṣúgà náà lẹ́yìn wákàtí 1 sí 2. Bí kò bá wálẹ̀, tàbí tí aláìsàn ń bì, tàbí tí èémí rẹ̀ ń yára, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó bá súnmọ́ jù. Ará Fate ní General Hospital nínú ìlú, ó sì ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin ní ojú ọ̀nà Jẹ́bbà àtijọ́. Gbólóhùn tí a ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà ni èyí: "Àtọ̀gbẹ irú èkínní ni ó ní, pọ́ǹpù ni ó ń lò, ó sì ti ṣí láti aago báyìí."

Kí a tún mọ òdìkejì rẹ̀. Bí ẹni tí ó ní pọ́ǹpù lára bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ó lè jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ni ó ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ó bá ṣì lè gbé e mì, kí a fún un ní omi ṣúgà tàbí ohun mímu dídùn. Bí ó bá ti dákú, kí a má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu; kí a dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kí a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

8. YÍYỌ RẸ̀ ÀTI ÌTỌ́JÚ AWỌ

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọjọ́ pọ́ǹpù bá pé, kí a má ṣe fà á ya bí ẹni ń bó èèpo igi. Ìgbà yìí ni òróró wá di ọ̀rẹ́ wa: kí a fi díẹ̀ pa etí plásítà, kí a dúró díẹ̀, kí a sì máa ká a sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ọwọ́ kejì máa tẹ awọ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀. Ibi tí a ti yọ ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí a ó lẹ òmíràn sí. Kí a jẹ́ kí ó sinmi bí àgbẹ̀ ṣe ń fi ilẹ̀ oko sílẹ̀. Bí a bá ń lo ojú kan ṣoṣo, ọ̀rá abẹ́ awọ ibẹ̀ a wú di kókó, ínsúlínì kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ mọ́.

Bí awọ bá pọ́n, tí ó ń yún un, tí ó ń yọ iléròrò bí ìrísí plásítà náà gẹ́lẹ́, ó lè jẹ́ pé ara ẹni náà kọ àtè yẹn. Ní ọdún 2017 àwọn dókítà awọ ní Belgium fi hàn pé èròjà kan nínú góòmù ẹ̀rọ tí ń wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fa irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ẹ lọ rí dókítà. Oríṣi mìíràn lè bá ara mu. Bí ibẹ̀ bá wú, tí ó gbóná, tàbí tí ọyún wà nínú rẹ̀, kí a yọ pọ́ǹpù náà, kí a fi tuntun sí ibòmíràn, kí a sì lọ gba ìtọ́jú.

9. ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹnì kan lè wí pé, "Kò sí pọ́ǹpù ní abúlé tiwa, kí ni ẹ̀kọ́ yìí já mọ́ fún mi?" Ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ gba ínsúlínì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa yí ojú ibi tí ó ń gún kiri, kí awọ mọ́, kí ó má sì pa abẹ́rẹ́ jẹ. Olùkọ́ lè rí pọ́ǹpù lára ọmọ ilé ìwé. Kí ó má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba fóònù, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fà á. Ọlọ́kadà lè gbé ẹni tí ó ní in. Aládùúgbò lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rí i pé ó ti já.

Àìmọ̀kan ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. A ti mọ̀ nísinsìnyí pé kì í ṣe tírà, kì í ṣe fóònù. Bí ìyá àgbà bá tún rí i lára ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó gbé kànìnkànìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ó fi ìka tẹ etí plásítà náà wò bóyá ó mú, kí ó sì bi ọmọ náà pé, "Ṣé ó dúró dáadáa, ọmọ mi?" Ìbéèrè kan yẹn tó láti gba ẹ̀mí là.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(1) Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ínsúlínì tí ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ ń lò àti èyí tí pọ́ǹpù ń lò? Kí ni ewu tí ó wà níbẹ̀ bí pọ́ǹpù bá ṣí?
(2) Ẹ dárúkọ ọ̀tá àtè márààrún. Èwo ni ó wọ́pọ̀ jù ní abúlé yín, ní ìgbà wo nínú ọdún sì ni?
(3) Kí ni ìdí tí òrí fi jẹ́ ọ̀tá nígbà tí a bá ń lẹ pọ́ǹpù, tí òróró sì fi jẹ́ ọ̀rẹ́ nígbà tí a bá ń yọ ọ́?
(4) Bí pọ́ǹpù ọmọ àlejò kan bá ṣí ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ni ẹ ó ṣe, ní títò tẹ̀léra?
(5) Ilé ìwòsàn wo ni ó súnmọ́ yín jù, báwo ni ẹ ó sì ṣe dé ibẹ̀ ní òru?